Ohun tí Peugeot 504 kọ́ mi: sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọkọ̀ jẹun ní Àbújá

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ máa ń bi wá bóyá òótọ́ ni pé kọ́bọ̀ la fi ń ra epo. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1982, nígbà ìjọba Shagari, lítà bẹntiróòlù kan di 20 kọ́bọ̀, a sì ráhùn, torí pé kọ́bọ̀ 15 lé díẹ̀ la ń rà á tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má wo kọ́bọ̀ yẹn nìkan. Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ 125 náírà. Ẹ pín in: owó oṣù kan á ra 625 lítà. Ní 2000, owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 5,500 náírà, lítà kan jẹ́ 22 náírà: 250 lítà. Ní 2019, 30,000 náírà, epo wà ní 145: nǹkan bíi 207 lítà. Nígbà tó fi máa di ìparí 2024, owó oṣù ti di 70,000, àmọ́ lítà kan ti kọjá 1,000 náírà ní Àbújá. Kò tó 70 lítà mọ́. Bí àgbà bá ní ayé ìgbà yẹn dẹrùn fún awakọ̀, kò bù mọ́ ọn rárá.

Síbẹ̀, kì í ṣe kọ́bọ̀ yẹn ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù. Ọkọ̀ ìgbà náà ni. Kaduna ni mo ti kọ́ṣẹ́ dẹ́rẹ́bà, ìlú kan náà tí wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ láti 1975. Ilẹ̀ Faransé ṣíwọ́ 504 ní 1983. Kaduna ṣì ń ṣe é lẹ́yìn ọdún 2000. Volkswagen Ìjàpá náà wà, ọkọ̀ dáadáa ni, àmọ́ tó bá di ọ̀nà jíjìn, 504 ni.

Láàárọ̀ ọyẹ́, a á fa ṣóòkì, ìyẹn ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù, a á ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, a á wá máa ti ṣóòkì padà díẹ̀díẹ̀ títí ìró rẹ̀ á fi dọ́gba. Ẹni tó bá kánjú tì í, ọkọ̀ á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ síta, epo á ṣòfò, púlọ́ọ̀gì á dúdú. Bó bá ń lọ tìkọ̀tìkọ̀ lójú ọ̀nà, a á ṣí ìdérí tí wáyà púlọ́ọ̀gì ti ń jáde, a á fi sáńpépà nu ojú kọ́ńtáàtì méjèèjì kó dán, a á fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ wọn àlàfo àárín wọn, a á dé e padà. Kò pẹ́, a ti ń lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká tan rédíò títí ọkọ̀ á fi gbóná. “Gbọ́ ohùn rẹ̀ ná,” ló máa ń wí.

Láti Kaduna dé Ìlọrin, Birnin Gwari la ń gbà, Tegina, Kontagora, Mokwa, ká tó gun afárá Jẹ́bà sọdá odò Ọya. Kò sí èyí tí a kì í ti í rí mẹkáníìkì tó mọ 504 dunjú nínú wọn, pààtì rẹ̀ á sì wà nítòsí. Hausa rẹ̀ lè má yé wa, Yorùbá wa lè má yé e, ọkọ̀ náà yé àwa méjèèjì. Òru gan-an a máa ń rìn ín. Ó dùn mí dọ́kàn pé àwọn ajínigbé ti ba ọ̀nà Birnin Gwari yẹn jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá kúrò lójú títì Kaduna sí Àbújá bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwọn agbébọn tún kọlu òun náà ní oṣù kẹta 2022. Ohun tí ìbẹ̀rù ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ báyìí, kò sí nínú owó epo.

Ìrìn ọ̀nà yẹn ló kọ́ mi bí a ti ń yan ọkọ̀. Ọkọ̀ tó dúró sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ń jẹ owó ju èyí tó ń rìn lọ. Mo rí ọ̀dọ́ tó ra tòkunbọ̀ dáradára kan, tó wá ń dúró de pààtì láti Èkó, tí gbèsè ọkọ̀ náà sì ń gorí ara wọn. Kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Apo, ẹ béèrè lọ́wọ́ ju ẹnì kan lọ: ṣé ẹ ti tú irú rẹ̀ rí, ibo la ti ń rí pààtì rẹ̀, èló ni? Ohun tó jẹ́ kí Corolla àti Camry kún Wuse àti Kubwa ló jẹ́ kí 504 kún Kaduna láyé ìgbà yẹn.

Bí alẹ́ bá lẹ́, owó tó wà lápò yín kò tíì di èrè. Ẹ yọ ti táyà, ọ́ìlì àti bíréèkì kúrò lójúmọ́, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá jẹ tán. A ń ṣe é nígbà tí epo wà ní kọ́bọ̀, ẹ̀yin tí epo yín wà lókè báyìí ló kàn jù. Nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá rọ epo, ẹ kọ iye lítà sílẹ̀ àti iye kìlómítà tó wà lójú dáàṣì. Bí ibi tí lítà kan ń gbé yín dé bá ń kúrú sí i, ẹ kọ́kọ́ yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò, lẹ́yìn náà púlọ́ọ̀gì àti fílítà, kẹ́ ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì.