Kóòṣì tó ń gbàdúrà, òun náà ló mú lísìtì dání

Ọjọ́ Sunday tó kọjá mo wà ní pápá ìṣeré Adámásìngbà n'Ìbàdàn, 3SC, tíìmù ìlú wa, fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, mo ti tètè dé kí n lè rí ibi tí oòrùn ò ní í pa mí jókòó sí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ wa kóra jọ róbótó, wọ́n fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn, ẹnu ń lọ wùyẹ̀wùyẹ̀. Mo bojú wo ọ̀dọ̀ àwọn àlejò, àwọn yẹn náà ń gba àdúrà tiwọn. Bàbá kan tó ń jẹ bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Hẹn, wọ́n ti kó Ọlọ́run sí wàhálà báyìí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, èmi ò bá agbábọ́ọ̀lù tó ń gbàdúrà jà. Rashidi Yekini tiwa, tó gbá fún IICC, ìyẹn 3SC yìí náà, níbí kí ayé tó mọ̀ ọ́n, nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé Bulgaria ní 1994, gọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé ní Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú nẹ́ẹ̀tì, ó ń ké, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kó dákẹ́? Salah ọmọ Íjíbítì náà, tó bá ti gbá a wọlé, á foríkanlẹ̀. Ẹni tó wù ló ń ṣe é, kò pe ẹnikẹ́ni kó wá tẹ̀ lé òun.

Ti kóòṣì ló yàtọ̀, torí òun ló mọ ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa jókòó sí bẹ́ǹṣì. Ní Amẹ́ríkà, kóòṣì kan wà nígbà kan nílùú Bremerton tó ń jẹ́ Joe Kennedy, bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré yẹn ló ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Tí wọ́n bá gbá a tán, á kúnlẹ̀ láàárín fíìdì. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù tó ga jù, ní 2022 adájọ́ 6 gbè é, àwọn 3 ní rárá. Èyí tó dùn mí níbẹ̀ ni pé bàbá ọmọ kan sọ pé ọmọ òun ò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá, àmọ́ ó ń bá wọn ṣe é torí ó ń bẹ̀rù pé tóun ò bá ṣe é, wọn ò ní í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kóun gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Mo mọ ọmọ yẹn. Èmi ni. Mùsùlùmí ni mí, ní SS2 mo ń gbá wíńgì ọ̀tún, kóòṣì wa á ní ká dijú, á gbàdúrà lórúkọ Jésù, èmi náà á ṣe àmín kíkan kíkan kó lè gbọ́ ohùn mi. Lọ́jọ́ kan báyìí mi ò dijú, ojú èmi àti ẹ̀ bá ṣe mẹ́rin. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ǹṣì. Bóyá torí ìyẹn ni, bóyá torí pé mi ò gbá a dáadáa ni, mi ò mọ̀ títí dòní, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Mo ń fi ìbínú yìí ròyìn fún Gólì lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ni. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ki ṣájà bọ fóònù kan, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Tíìmù àdúgbò wa ní Ọ̀jẹ́ ńkọ́? Fátíhà lẹ ń kà ṣáájú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀." Háà. Èmi ni kápútéènì, èmi ni mò ń dárí ẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn rí láti wo ojú Gólì.

Mo ní kí ló máa ń ṣe nígbà yẹn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú fóònù yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà, ó kà á délẹ̀, kò ṣi ẹyọ kan.