Súyà Inú Ìwé Báńkì Mi

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni ọmọ mi obìnrin rí àyè sí yunifásítì kan ní Ìlú Ọba, èmi baba rẹ̀ sì gbà tayọ̀tayọ̀ pé ìwé owó tèmi ni yóò fi tọrọ físà.

Ìwé ẹ̀rí owó-orí ni mo kọ́kọ́ lọ gbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Àbújá, láti ìdí owó oṣù wa ni wọ́n sì ti ń yọ owó-orí kí ó tó kàn wá lọ́wọ́, nítorí náà ìwé náà kò ṣòro: ẹyọ kan ṣoṣo tí ó kó ọdún mẹ́ta tí ó ṣáájú pọ̀. Wọn kò sọ ọ́ di dandan, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti lọ ní ó máa ń fi orísun owó hàn. Mo gbé e délé bí ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, “Olówó orí mi, ẹ ti san owó-orí ìjọba pé. Àwọn ará ilé wa ń béèrè èyí tí ó kù lára tèmi o.”

Ìwé báńkì gan-an ni iṣẹ́ wà. Òfin wọn nígbà náà ni pé owó oúnjẹ àti ilé gbígbé, póùn 1,136 lóṣù fún oṣù 9 fún ẹni tí kò níí gbé Lọ́ńdọ̀nù, àròpọ̀ rẹ̀ póùn 10,224, pẹ̀lú owó ilé-ìwé tí ó bá ṣẹ́ kù, gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko láìjá fún ọjọ́ kan. Mo ta ilẹ̀ tí mo ní sí Ìlọrin, a ṣírò póùn náà sí náírà, owó náà pé, ó sì fi 30,000 náírà lé. Ọmọ mi lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì, ó ń fa ìlà lójoojúmọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún, òjò ká mi mọ́ ìdí tábìlì mai súyà kan ní Kubwa. Ó gé ẹran sórí ìwé ìròyìn, ó bu yájì sí i, ó rẹ́ àlùbọ́sà lé e. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ náírà ni. N kò ní kọ́bọ̀ lápò, nọ́ńbà báńkì rẹ̀ sì wà lára páálí tí ó fi ìṣó kàn mọ́ òpó. Pẹ̀lú omi òjò lójú fóònù, mo tẹ òdo kan lé e, ó di 45,000, mo sì tún yọ ọ́ láti inú àpò owó físà ní báńkì dípò àpò ìnáwó mi. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ìdí tí mo fi ń sanwó, èmi akọ̀wé tí kì í fi àlàfo sílẹ̀, mo kọ “SUYA, ALUBOSA PUPO.”

Lọ́jọ́ kejì ni ọkùnrin náà rí mi lókèèrè tí ó pariwo, “Alhaji, kudi ya yi yawa!” Owó ti pọ̀ jù ni ó ń wí. Ó dá 40,500 padà lójú ẹsẹ̀, olóòótọ́ ènìyàn. Mo súre fún un, mo sì pa ẹnu mọ́. Àpò ìnáwó mi ni mo ṣáà rò pé owó náà ti jáde.

Nígbà tí ọjọ́ 28 pé, báńkì lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé wa. Inú ọkọ̀ ni ọmọ mi ti ń kà á.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ‘SUYA, ALUBOSA PUPO’?”

Mo ní kò yé mi. Ó ka ìlà tó tẹ̀lé e: owó ìfiránṣẹ́, náírà 26.88. Ó ka òmíràn: 40,500 wọlé, ìjọba yọ náírà 50. Ní òru kan ṣoṣo náà, kí 40,500 tó padà wọlé, owó wa fi 15,026.88 náírà dín sí iye tí wọ́n ní kí ó wà. Ọjọ́ 23 tí a ti kà di asán, láti ọjọ́ kẹrìnlélógún ni a ó sì ti tún un kà. Ọpẹ́ ni pé oṣù kẹsàn-án ni wọn yóò wọlé.

Kí a tó délé, ó ti yọ báńkì kúrò lórí fóònù mi. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn ń pè mí ní Alùbọ́sà Púpọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Mo rojọ́ náà fún mai súyà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yọ lókèèrè, á fi àdá ẹran bo nọ́ńbà ara páálí, á ní, “Baba Biza, kudi a hannu kawai!” Ìyẹn ni pé, Bàbá Físà, owó ọwọ́ nìkan!