Ohun tí ojú mi rí kí n tó mọ táyà òjò rà fún ọkọ̀ fúyẹ́

Ní 2018 ni mo ra Mazda MX-5, èyí tí wọ́n ṣe ní 2001. Ìjókòó méjì péré, òrùlé aṣọ tí a lè ká sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì níwájú, táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ìwọ̀n gbogbo ọkọ̀ náà fi díẹ̀ ju 1,000 kílò lọ. Ẹni tó tà á fún mi ti yọ rímù ínṣì 15 tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti fi rímù 17 rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú táyà fífẹ̀, 215/40 (215 yẹn ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà). Ó rẹwà lójú mi. Mo wo ilà ojú táyà, ó ṣì jinlẹ̀. Mo sanwó, mo wa ọkọ̀ mi lọ sí Manchester tí mò ń gbé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, mo ń ti Sheffield bọ̀ láàárọ̀ kùtù, ilẹ̀ ò tíì mọ́, òjò ń rọ̀. Mo gba Snake Pass, ọ̀nà A57 tó gba orí òkè já sí Glossop. Mi ò sáré, bíi 40 máìlì ní wákàtí ni mo ń lọ. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Glossop, mo wọ kọ́nà kan, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ìdí ọkọ̀ kọ́kọ́ yọ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fi sálúbàtà tẹ táìsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Kí n tó yí sítíárì padà, ọkọ̀ ti yí bírí. Nígbà tó máa fi dúró, orí koríko ni mo wà, mo kọjú sí ibi tí mo ti ń bọ̀, wáípà ṣì ń gbá omi lọ gbá omi bọ̀. Àgùntàn kan dúró lẹ́bàá ògiri òkúta, ó ń wò mí nínú iná ọkọ̀. Ká ní ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ lápá kejì ni, ẹlòmíì ni ì bá máa ro ìtàn yìí. Ọlọ́run ló yọ mí.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa, ọmọ Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe níbí tipẹ́. Mo gbé e lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo bíréèkì àti abẹ́ ọkọ̀ yìí.” Wọn ò wo abẹ́ ọkọ̀ rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ojú táyà ẹ̀yìn. Èékánná ò wọlé. Wọ́n ní kí èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ó le kankan, bíi sálúbàtà tó ti pẹ́ lórí páànù nínú oòrùn. Wọ́n wá fi ọwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́rin hàn mí níbi tí lẹ́tà DOT parí sí: 2309.

“Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún, ọdún 2009. Táyà yìí ti kú, àbúrò. Òkú lo gbé rìn lọ sí orí òkè.”

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí mo rò pé mo ti yẹ táyà wò. Òfin ilẹ̀ Bìrìtìkó ní ilà ojú táyà ò gbọ́dọ̀ dín sí mílímítà 1.6. Táyà tuntun sábà máa ń ní bíi mẹ́jọ, tèmi sì lé ní márùn-ún. Kò sí ọlọ́pàá tó lè mú mi. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ yìí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti òpin ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wà á. Wọn kì í rin ìrìn tó lè jẹ táyà tán, nítorí náà ọjọ́ orí ló ń pa táyà wọn kí ilà rẹ̀ tó gbó. Rọ́bà á gan, kò ní lè di ọ̀nà mú mọ́, síbẹ̀ ojú rẹ̀ á máa dán bíi tuntun. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ eré àlòkù, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin yẹn kí ẹ tó wo ohunkóhun lára táyà rẹ̀. Nígbà míì, ẹ̀gbẹ́ inú ni ó wà, ẹ máa ní láti wọlé sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó rí i.

Ẹ̀gbọ́n tún ní fífẹ̀ táyà náà wà lára ohun tó fẹ́ pa mí. Mo bá wọn jiyàn. Ṣebí táyà tó bá fẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú jù? Wọ́n ní ìyẹn jẹ́ òótọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ. Wọ́n ní kí n ronú obìnrin tó wọ bàtà gogoro wọ inú ẹrọ̀fọ̀ àti ẹni tó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ. Ẹni tó wọ gogoro á rì dé ilẹ̀ líle, ẹnì kejì á máa yọ̀ lórí ẹrọ̀fọ̀. Nínú òjò, rírì la fẹ́ kí táyà rì, kó la omi kọjá kó kan ọ̀dà. Ọkọ̀ wúwo á fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ti táyà wọ inú omi. Ọkọ̀ tèmi ò ní ìwọ̀n yẹn, a tún wá tẹ́ ìwọ̀n kékeré tó ní sórí táyà gbàgàdà.

Mo lọ kà nípa ọ̀rọ̀ náà fúnra mi. Ní 1963, àwọn onímọ̀ NASA tó ṣe ìwádìí lórí táyà bàálù kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbára atẹ́gùn inú táyà ló ń sọ eré tí táyà fi máa gun orí omi tó bá jìn. Tí a bá fi ìṣirò wọn wò ó, táyà tó ní atẹ́gùn 36 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn inú táyà) á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó ní nǹkan bíi 62 máìlì ní wákàtí, èyí tó ní 26 á léfòó ní nǹkan bíi 53. 26 ni Mazda ní kí n fi sínú tèmi. Ilà ojú táyà ló ń bá wa ti ewu náà síwájú, torí òun ni omi ń gbà jáde. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń dúró de mílímítà 1.6. Tí ó bá ti ku mẹ́ta, mo ti ń wá owó táyà.

Ẹ má torí ìṣirò yìí fọn táyà le o. Ṣọ́ọ̀bù kan fọn tèmi dé 34 bí ẹni pé ọkọ̀ ìdílé ni. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ kò lè tẹ táyà tó le bẹ́ẹ̀ pẹrẹsẹ, àárín táyà nìkan ló ń kan ilẹ̀. Mo ra gẹ́ẹ̀jì tèmi, láàárọ̀ kí táyà tó gbóná ni mo máa ń wọ̀n ọ́n.

Mo tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìṣe lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ní irú ọkọ̀ mi ń yin táyà tí wọ́n fi ń sáré ìje, èyí tí òfin gbà lójú títì àmọ́ tí ilà rẹ̀ kò pọ̀. Ó dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ń fẹ́ ooru kó tó lẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ tó fúyẹ́ tó ń lọ jẹ́jẹ́ nínú otútù kò lè mú un gbóná. Ilà díẹ̀ tó ní kò sì lè kó omi Manchester.

Rímù 15 ni mo padà sí, mo ra táyà ojú títì lásán, 195/50 R15 82V, tí ilà gbọọrọ tó jinlẹ̀ yí i ká. 82 yẹn túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 475 kílò. Mẹ́rin á gbé 1,900, ó ti ju ohun tí mo nílò lọ. Nítorí náà tí wọ́n bá fẹ́ ta èyí tí wọ́n kọ XL sí fún yín, ẹ ní ẹ ò fẹ́. Ọkọ̀ wúwo ni wọ́n mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le fún. Mo wo lẹ́tà òjò lórí ìwé pélébé tó ń bá táyà wá, A ló dára jù. Bí ọkọ̀ ṣe ń dúró lórí omi tín-ín-rín nígbà tó ń lọ tààrà ni wọ́n fi ń fún táyà ní lẹ́tà yẹn, kò sọ nǹkan kan nípa adágún omi tàbí kọ́nà. Fún ìyẹn, mo máa ń ka ìdánwò táyà tí ADAC, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní Jámánì, ń ṣe, torí wọ́n máa ń wọn èyí náà.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà. Tí owó ò bá tó, tó jẹ́ méjì lẹ máa rà, ẹ̀yìn ni kí méjì tuntun lọ. Iwájú tó bá yọ̀, ẹ lè dẹ ẹsẹ̀ kí ó padà bọ̀ sípò. Ẹ̀yìn tó bá yọ̀, ẹ ti rí ohun tó ṣe fún mi. Ẹni tó bá ń wa tirẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà òtútù, kó ra táyà gbogbo ìgbà, èyí tó ní àwòrán òkè pẹ̀lú yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí rọ́bà ìgbà ooru ń le tí otútù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 7°C. Tèmi kì í jáde lẹ́yìn oṣù kọkànlá mọ́.

3818 ló wà lára táyà tí mo rà nígbà náà. Ní 2024, ó ṣì ku bíi mílímítà mẹ́rin lórí wọn, mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ wọn. Ọmọkùnrin tó ń yọ wọ́n ní, “Ọ̀gá, ṣebí táyà yìí ṣì dára?”

Mo ní kó fi èékánná tẹ̀ ẹ́.