Áńpù gìtá EL84 ní Adó-Èkìtì: ibi tí iṣẹ́ dé

Áńpù onífáàfù ló wà lórí tábìlì (fáàfù ni ìgò kékeré tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá): fáàfù ECC83 kan níwájú, fáàfù EL84 ẹyọ kan lẹ́yìn tó ń ti ohùn sí sípíkà, kíláàsì A. Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ ó ń jẹ fáàfù.

Fáàfù kíláàsì A kì í sinmi. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò ta gìtá gan-an ló ń gbóná jù, torí gbogbo iná tó ń gbà ló ń di ooru. Yíyí fọ́lúùmù wálẹ̀ ò tù ú lára. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìwàásù rẹ̀ ń gba wákàtí kan, kí wọ́n pa á.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́, iná 230 V: pléètì (irin inú EL84 tó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù) 300 V, kátóòdì (ibi tí wọ́n ti ń jáde) 7.5 V lórí rẹ̀sísítọ̀ 150 Ω. 7.5 ÷ 150, 50 mA nìyẹn. Ẹ yọ nǹkan bíi 5 mA ti sikírìnì (wáyà tó wà ṣáájú pléètì), ó ku 45 fún pléètì. Ní 292.5 V (300 tí a yọ 7.5 kúrò), ooru pléètì lé ní 13 W; bẹ́ẹ̀ EL84 ò gbọdọ̀ kọjá 12 W.

Ọ̀sán nìyẹn o. Lóru, tí iná bá gòkè dé 250 V, tiransífọ́mà tí wọ́n so sí ẹsẹ̀ 220 V (ojú wáyà tí wọ́n ṣe fún iná 220 V) á fi 7.16 V bọ́ fílámẹ́ǹtì, wáyà tó ń mú fáàfù gbóná, tó yẹ kó gba 6.3. Ó ti kọjá ìdá 10 nínú 100 tí wọ́n gbà láyè. A gbé e lọ sí ẹsẹ̀ 240 V.

Kí ọwọ́ tó kan inú rẹ̀: ẹ pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 10 kΩ, 5 W fa iná inú kapásítọ̀ ńlá, kí mítà sì jẹ́rìí pé ó ti tán.

Lẹ́yìn náà ni a yọ 150 Ω, a fi 220 Ω, 2 W rọ́pò. Kátóòdì di 8.9 V, iná di 40 mA, ooru pléètì sún mọ́ 10.7 W. Ohùn mọ́ díẹ̀ sí i, béèsì ò fẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó nípọn lè lo 180 Ω, nǹkan bíi 11.7 W, àmọ́ kò ní àyè tó fún iná òru.

Pléètì tó bá ń pọ́n, ẹ má kọ́kọ́ bú fáàfù. Ẹ yọ EL84, ẹ tan áńpù, ẹ wọn ẹsẹ̀ 2 lójú ihò tí EL84 ń jókòó sí, ibi tí ohùn ti ń wọ fáàfù: 0 V ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí 1 V bá hàn, kapásítọ̀ 22 nF tó wà láàárín ECC83 àti EL84 ló ń jò iná. Tiwa ò jò.

Ó ku kí a fi rẹ̀sísítọ̀ 1 kΩ sí ẹsẹ̀ 9 EL84, ti sikírìnì, kí a sì lu ihò atẹ́gùn lókè àpótí.