Ọdún tí sol-fa gbé mi dé York

Ẹ kú ìparí ọdún o. Gbogbo December ni mo máa ń jókòó ṣírò ọdún tó ń lọ. Tọdún yìí, mo kó ilé, owó tí mo fẹ́ tọ́jú ò pé, màámi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ó sì yọrí sí rere, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta tí mo lò ní York ní July, ibẹ̀ lọkàn mi ń padà sí ṣáá.

Láti 1977 ni wọ́n ti ń ṣe fẹ́sítíìfù orin àtijọ́ ní York, lókè àríwá England níhìn-ín. Orin tó ti tó 400, 500 ọdún, ohun èlò ìgbà yẹn náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Mo gbọ́ viol, ohun èlò olókùn kan tó jọ violin, tí ìfun àgùntàn ni okùn rẹ̀, bí inú ṣọ́ọ̀ṣì bá ti móoru báyìí ohùn á yẹ̀, wọ́n á ní láti tún okùn fà kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn, mo sì rántí àwọn onílù wa tó ń sá awọ sóòrùn.

Wákṣọ́ọ̀pù àwọn akọrin ló gbé mi lọ gan-an, ẹ̀rù sì bà mí. Sol-fa, orúkọ tí a fi ń pe ohùn orin kọ̀ọ̀kan, ni ọ̀gá kwáyà kọ́ wa ní Ìjẹ̀bú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 9, lójú pátákó, d r m f s l t, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo dé London, kwáyà kan ní ẹni tó ń ka sol-fa ò mọ orin kà. Ó dùn mí débi pé ọdún mẹ́fà ni mi ò fi kọrin láàárín èèyàn mọ́.

Àfi bí olùkọ́ ṣe kọ ọ́ sójú pátákó: ut re mi fa sol la! Guido, mọ́ńkì kan ní Ítálì, ló mú un jáde látinú orin Látìn kan ní bíi 1,000 ọdún sẹ́yìn, kí àwọn ọmọ kwáyà lè tètè mọ orin tuntun. Mẹ́fà péré, kò sí ti, do gan-an ò tíì dé. Bí orin bá fẹ́ ga kọjá la, wàá sọ la yẹn di re, wàá máa gòkè lọ. Àwọn tó jókòó tì mí ń rojú sí i, èmi ti mọ̀ ọ́n, torí nínú sol-fa tiwa, bí orin bá yí kíì, ìyẹn bí do bá kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, nóòtì kékeré á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, ohùn kan náà ni, orúkọ ló yí.

Lọ́sàn-án wọ́n fún wa ní orin tí William Byrd, ọmọ England kan tó ń ṣẹ̀dá orin, gbé jáde ní 1605, ohùn mẹ́rin, kálukú pẹ̀lú ìwé tiẹ̀, áltò ò rí ti tẹ́nọ̀, kò sí ìlà tó pín in, etí lo máa fi wá àwọn yòókù. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kẹta gbogbo wa gúnlẹ̀ pọ̀, omi sì bọ́ lójú mi.

Alẹ́ ọjọ́ náà mo pe ọ̀gá kwáyà wa, wọ́n ti lé ní 80. Mo kọ ut re mi fún wọn lórí fóònù. Wọ́n ní kí n tún un kọ, kí n má kánjú, wọ́n wá fi d r m gbè é lẹ́yìn mi.