Ojúgun Oníṣúgà

Bí ẹ bá rí mi níbi ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi ní Ìkẹ́rẹ́, tí ẹ sì ṣàkíyèsí pé ojúgun mi ọ̀tún ń dán gbinrin nígbà tí ti òsì ṣì wà bí Olódùmarè ṣe dá a, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé àṣà tuntun ló dé. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó fà á, èmi tí ìjọba sì ń sanwó oṣù fún pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ni ó ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ kúkú ti mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń ṣe ara mi. Bí ó bá ti fẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ mi á dà bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ẹ̀rọ èlùbọ́ dé, aṣọ ẹbí tí wọ́n sì mú fún wa kò gùn kọjá orúnkún. Ọmọbìnrin kan tí ń ta ìpara ní àdúgbò wa ní Baṣírì fi scrub kan, ìpara oníhóró tí wọ́n fi ń ha ara, hàn mí nínú ike kékeré, ó dá iye lé e, mo sì bi í bóyá wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tuntun mọ́ ọn ni. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ike náà: ṣúgà, àdín àgbọn, oyin, ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀rín pa mí. Èwo nínú wọn ni kò sí ní Ọjà Ọba?

Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà sọ pé ife ṣúgà méjì sí ife òróró kan ni, kí a pò ó pọ̀, ó parí. Hóró ṣúgà ni yóò ha òkú awọ kúrò, òróró ni yóò sì mú kí ara jọ̀lọ̀. Iná kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi di gbólóhùn yìí mú.

Ṣúgà onígun inú páálí ni ó wà nílé, nítorí náà mo dà á sínú odó, mo sì gún un. Odó iyán ni o. Ọmọ Èkìtì ni mí, mo mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá. Nígbà tí ọkọ mi bu òkèlè àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, ó wo iyán, ó wò mí, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá iyán ọjọ́ ìbí ni.

Àdín àgbọn gan-an ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Bí òtútù bá ti mú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọjọ́ kò fi tó nǹkan bí 24°C, ńṣe ni àdín àgbọn máa ń dì, ọyẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà sì ti sọ tèmi di òkúta funfun. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á gbé e sínú omi gbígbóná díẹ̀, á sì yọ́. Èmi fi ṣíbí wà á sínú ìkòkò, mo da ṣúgà lé e, mo da oyin lé e, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo tan gáàsì, mo sì lọ gbọ́ ohùn ẹni tí ń bá wa ra gèlè lórí fóònù. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ gèlè ṣe máa ń gùn tó.

Nígbà tí n óò fi padà dé, ṣúgà ti yọ́ tán, ó ti pọ́n, ó ń hó kùtùkùtù. Mo tún ń yin ara mi, nítorí mo ti kà á níbì kan pé ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀ rọ ara lọ́rùn ju funfun lọ. Ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n kọ, wọn kò kọ ṣúgà tí ó fẹ́ jóná. Òróró léfòó lókè rẹ̀, mo rí i pé ó ti pọ̀ jù, mo sì dà á nù: ohun kan ṣoṣo tí ìbá gbà mí lọ́jọ́ náà ni mo fi ọwọ́ ara mi dà sínú gọ́tà.

Mo jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi tẹ́ ojúgun ọ̀tún láti orúnkún dé kókósẹ̀, mo sì jókòó kí ó lè ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi wọlé. Ìkòkò ńlá ni wọ́n wá gbà, Màmá kì í sì í kan ilẹ̀kùn ọmọ wọn. Kí ni ìyàwó ilé yóò ṣe? Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, lórí ẹní tí a tẹ́ sí pálọ̀ fún ọmọ.

"Dìde, ìyàwó mi, mo ti rí ọ."

N kò lè dìde. Màmá rò pé ọ̀wọ̀ ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi. Wọ́n ṣàdúrà ọmọ, wọ́n ṣàdúrà owó, wọ́n ṣàdúrà ilé kíkọ́, mo ń ṣe àmín, mo sì ń fa ẹsẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ẹní ò gbọ́. Ìgbà tí àdúrà tán tí mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ ni ojú Màmá yí padà, tí wọ́n fà mí mọ́ra, tí wọ́n sì rọra béèrè ohun tí ọmọ wọn ṣe fún mi. Ọkọ mi tí ó jókòó jẹ́jẹ́ nínú yàrá tí ń wo bọ́ọ̀lù di ọ̀daràn láìmọ̀. Mo fẹ́ gbèjà rẹ̀, mo gbìyànjú láti dìde, ẹní sì tẹ̀ lé mi dìde. Mo fà á. Mo kígbe. Irun ojúgun mi wà lórí ẹní títí di òní.

Ọkọ mi sáré jáde, ó rí ẹní, ó rí ẹsẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ kí ó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Èmi ń pariwo kẹrosíìnì. Màmá ní, "Kí ni o fi sí i?" Mo ní ṣúgà. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Ṣé ṣúgà kì í yọ́ nínú omi mọ́ ni?" Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ni wọ́n bu sí i, gbogbo rẹ̀ sì ṣàn lọ. Ohun tí mo kọ sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní táàmù tí ó kọjá nìyẹn, mo tilẹ̀ na ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jọ bínú sí ẹlòmíràn. Màmá tọ́ oyin tí ó ṣẹ́ kù nínú ìgò wò, wọ́n ní ṣúgà tí wọ́n sè ni. Ojú ọ̀nà Arámọkọ ni mo ti rà á, ẹni tí ó tà á sì ti igi ìṣáná bọ inú rẹ̀ láti fi hàn pé ojúlówó ni, ó ṣá a, ó gbiná, mo sì sanwó, àfi bí ẹni pé ìṣáná ni mo wá rà. Nítorí náà ṣúgà ni mo fi se ṣúgà, kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ kò sì jẹ́ kí ó padà di hóró. Ohun tí àwọn obìnrin Íjíbítì ti ń sè láti ayébáyé láti fi fa irun ara tu gan-an nìyẹn, àwọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó bá sì ní kí n ṣe ẹsẹ̀ kejì kí méjèèjì lè bára mu, kí ó kọ́kọ́ na tirẹ̀ wá.

Màmá ti wà ní kíṣìnì nígbà yẹn, wọ́n ń fi ṣíbí ha ìkòkò. Wọ́n ní bàbá dúdú ni, wọ́n ní ó dùn, àfi pé ọsàn ti pọ̀ jù. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n di í sínú ọ̀rá fún àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́, pẹ̀lú èyí tí ó pọ̀ jù lẹ́sẹ̀ mi tí mo ti kọ́kọ́ fi ṣíbí kan náà bù padà sínú ìkòkò. Wọn kò bi mí, n kò sì sọ.