Òdo ni mo kọ síwájú orúkọ alápàńdẹ̀dẹ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti wà lójú ọ̀nà mi. Ọdún kẹta rèé tí mo ti yọ̀ǹda ara mi fún iṣẹ́ ẹyẹ kíkà yìí: ọ̀nà kan náà, oṣù kan náà, wákàtí kan náà. Ibi mẹ́wàá ni mo máa ń dúró sí, ìṣẹ́jú márùn-ún ní ibì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo bá rí, mo kà á. Èyí tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, mo kà á. Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Àdàbà tó ń ké lẹ́yìn mi náà kò mọ̀ pé mo ti kọ òun sílẹ̀.

Ibi kẹrin, lẹ́bàá afárá, ni ọkàn mi wà láti àná. Alápàńdẹ̀dẹ̀ mọ́kànlá ni mo kà níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́rin. Lónìí, mo ranjú mọ́ òfuurufú títí ọrùn fi ń dùn mí. Ìtẹ́ wọn ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ afárá, amọ̀ tí wọ́n fi ẹnu kó ní bíńtín-bíńtín, ó ti gbẹ, ó ti sán. Ìyẹ́ kan há sí etí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń mì ín. Ìṣẹ́jú márùn-ún pé, mo pa ìwé dé. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ báyìí ni méjì já wálẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àyà kan omi, wọ́n sì lọ.

Mo dúró, bíró lọ́wọ́. Ta ni yóò mọ̀ bí mo bá kọ méjì? Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìṣẹ́jú kan kún tèmi, tí ẹlòmíràn fi méjì kún tirẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ fi ẹyẹ ọdún yìí wé ti èṣí? Òdo ni mo kọ. Ó dùn mí wọra.

Ọdún mẹ́ta tèmi nìkan kò lè sọ pé ìyípadà ojú ọjọ́ ló fà á. Ó lè jẹ́ pé ibòmíràn ni wọ́n kọ́lé sí. Àfi ká kó tèmi pọ̀ mọ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ènìyàn 27 ló bẹ̀rẹ̀ kíka ẹyẹ ìgbà Kérésìmesì lọ́dún 1900, wọ́n sì ń kà á títí dòní. Inú àkọsílẹ̀ wọn la ti rí i pé láàárín 1966 sí 2013, tí a bá pín in dọ́gba láàárín irú ẹyẹ 305, ibi tí wọ́n ti ń lo ìgbà òtútù ti sún sí àríwá ní ohun tó lé ní máìlì 40, bí òtútù ṣe ń dẹ̀. Ẹnì kan ní láti kọ òdo níbi tí wọ́n ti kúrò.

Kí n tó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ lálẹ́ yìí, mo kọ gbólóhùn kan sí àyè àlàyé: "Méjì kọjá lẹ́yìn tí àsìkò ti pé."